Odídẹrẹ́ Kì í Ṣe Ọjà Lásán, Ogún Ni

Odídẹ, odídẹrẹ́, ayékòótọ́: ẹyẹ kan ṣoṣo ni Yorùbá fún ní orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Bí a bá tú èyí tí ó gbẹ̀yìn palẹ̀, ohun tí a ó rí níbẹ̀ ni 'ayé kọ òótọ́'. Ẹyẹ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú yàrá, tí ó sì tún un sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè ṣàìní ọ̀tá, nítorí kò mọ ohun tí à ń pè ní àṣírí, kò sì mọ ọ̀rọ̀ onílé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àlejò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ṣùgbọ́n ní ti ẹyẹ tí a fi òtítọ́ sọ lórúkọ yìí, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ó dé ọjà, kò kùtà rárá. Títà tí ó ń tà wàràwàrà gan-an ni ó fẹ́ pa á run.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní odídẹrẹ́ nínú ilé, kí ó má ṣe rò ó bí ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà. Kí ó rò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ogún lé lọ́wọ́. Láti ọdún 2011 ni mo ti ń tọ́ ọ̀kan. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu rẹ̀ ni n ó fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà.

Kí n tó dé orí ẹyẹ tèmi, ó yẹ kí a rántí ipò tí odídẹrẹ́ wà nínú àṣà wa. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀ tí ó pupa fòò ni à ń pè ní ìkóódẹ. A máa ń rí i lára adé àwọn ọba wa, a sì máa ń rí i ní iwájú orí ìyàwó òrìṣà nígbà tí ó bá dóṣù. Nígbà tí òwò ẹrú kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Kúbà àti Bràsíl, ìkóódẹ bá wọn dé ọ̀hún. Títí di òní, iwájú orí ìyàwó òrìṣà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí Ọ̀yọ́ àtijọ́ bá kọ Aláàfin, ẹyin odídẹrẹ́ wà lára àrokò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i pé kí ó wàjà. Ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ oríkì ìlú Ìwó rí mọ̀ pé odídẹrẹ́ kì í gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Àdúrà kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀. Bí ènìyàn bá ń rin ìrìn àjò, àwọn àgbà a máa wí fún un pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àwọn baba wa kò ṣàdéédé sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wo ẹyẹ yìí dáadáa. Wọ́n rí i pé ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ni í gbéra láti orí igi tí ó sùn lé, tí í fò lọ jìnnà láti wá oúnjẹ, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì jọ padà sí ibùsùn wọn ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ariwo. Ìpadàbọ̀ wọn ni àdúrà náà dúró lé.

Odídẹrẹ́ tí ó wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n ni ín. Ìlú kan ní Èkìtì ni màmá náà gbé títí tí wọ́n fi jáde láyé, kíjìpá ni wọ́n sì ń hun. Ní ọdún 1984, àgbẹ̀ kan tí ó jẹ wọ́n lówó aṣọ kò rí owó san, ó sì gbé ẹyẹ náà wá dípò gbèsè. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, mo sì rántí pé ẹ̀gbẹ́ òfì ni wọ́n gbé àgò rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ó wà fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bí màmá ti ń hun aṣọ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, bí oníbàárà bá sì dé, ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn.

Ọdún 2011 ni màmá papò dà. Nígbà tí ẹbí jókòó pín ogún, àwọn kan mú aṣọ, àwọn kan mú ilẹ̀, ẹnìkan tilẹ̀ mú òfì pé òun yóò fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀. Kò sí ẹni tí ó mẹ́nu ba Ọ̀rẹ́. Ọkùnrin kan ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní ìgboro, ó wá bá wa, ó ní òun ń wá orí odídẹrẹ́ àti ìyẹ́ ìdí rẹ̀ fún iṣẹ́ kan, ó sì na owó. Àwọn kan nínú wa ti ń mi orí. Bí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ni Ọ̀rẹ́ bá ké láti inú àgò pé, "Ìsí?" Ẹni tí kì í ṣe ará Èkìtì lè má mọ̀ pé 'ta ni' ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ohùn màmá gan-an ni, bí wọ́n ṣe máa ń fà á. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Àbúrò màmá kan bú sẹ́kún. Mo dìde, mo ní èmi ni n ó gbé ẹyẹ náà, a sì dá owó ọkùnrin náà padà fún un.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ le púpọ̀. Ọ̀rẹ́ kò sọ̀rọ̀, kò sì jẹun tó. Ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń fa ìyẹ́ àyà rẹ̀ tu títí awọ ara fi hàn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó ṣàlàyé fún mi pé ẹyẹ yìí kì í dá gbé nínú igbó, àti pé bí ẹni tí ó mọ̀ bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lè ṣọ̀fọ̀ bí ènìyàn. Àìsàn lè mú un tu ìyẹ́ rẹ̀, ìdánìkanwà àti àìríṣẹ́ṣe náà sì lè mú un ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń tọ́ odídẹrẹ́.

Oúnjẹ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún odídẹrẹ́ ní ẹ̀pà àti àgbàdo gbígbẹ nìkan, wọ́n sì rò pé ó yó. Ó lè yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi èròjà yóò máa pa á. Ẹyẹ yìí nílò fítámínì A, ó sì nílò èròjà tí ń mú egungun le ju ọ̀pọ̀ ẹyẹ inú ilé lọ. Bí èyí bá dín, gìrì lè mú un, kí ó sì ṣubú lórí igi tí ó bà lé. Ẹyìn ọ̀pẹ ni oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù nínú igbó, àwọ̀ pupa epo náà gan-an ni ó sì ń fún un ní fítámínì tí mo wí. Ní ilé mi, Ọ̀rẹ́ ń jẹ ẹyìn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, kárọ́ọ̀tì, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo tútù. A ń se èèpo ẹyin adìyẹ, a ń lọ̀ ọ́ kúnná, a sì ń bù ú sí oúnjẹ rẹ̀. Ó ń jẹ ata rodo bí ẹni jẹ àádùn, nítorí ata kì í ta ẹyẹ. Ṣùgbọ́n píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí àti oúnjẹ oníyọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Májèlé ni píà jẹ́ fún un.

Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀kọ́ kejì. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bí tiwa. Ohun tí yóò mú ènìyàn wúkọ́ lásán lè pa á. Èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín sìgá, oògùn ẹ̀fọn tí à ń fọ́n sí yàrá, àti èéfín tí ń jáde lára páànù ìdáná tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ bí ó bá gbóná jù, gbogbo wọn ni ọ̀tá rẹ̀. A kò gbé àgò Ọ̀rẹ́ sí ẹ̀bá ilé ìdáná, a sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé rẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ dára fún un, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí èròjà egungun ṣiṣẹ́ nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí ibòji tí yóò sá sí.

Àgò gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ó lè na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì láìkan ẹ̀gbẹ́. Èyí tí màmá lò kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ní kí oníwẹ́dà kan jó òmíràn. A máa ń já igi tútù sí i kí ó lè rí nǹkan fi ẹnu bó, nítorí ẹnu rẹ̀ kò mọ ìsinmi. A ń fọ́n omi sí i lára bí òjò. Ó ń sùn fún wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, a sì ń fi aṣọ bo àgò kí iná má baà dí i lójú. Ojoojúmọ́ ni à ń fọ ìgbẹ́ rẹ̀ nù, a sì ń fọ ọwọ́ wa, nítorí àìsàn kan wà tí odídẹrẹ́ lè kó ran ènìyàn, tí í mú ibà àti ikọ́ dání. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ìyẹ́ àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hù padà, ó sì tún lanu sọ̀rọ̀.

Ibi ọ̀rọ̀ sísọ yìí ni ó kan iṣẹ́ wa gan-an. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá há ìwé sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, a máa ń wí pé ó kà á bí ayékòótọ́. Mo ti wá rí i pé a ń bu ẹyẹ náà kù. Ọ̀rẹ́ kì í ké "Ìsí?" bí kò ṣe nígbà tí nǹkan bá kan ilẹ̀kùn tàbí géètì. Kì í wí pé "Ẹ kú ulé o" ní òwúrọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni í wí i, nígbà tí ẹni tí ó jáde bá wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ rìn ni ó mú, èyí tí kò bá nǹkan kan rìn kò dúró lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Irene Pepperberg, rí ní Amẹ́ríkà bá èyí mu. Ní ọdún 1977 ni ó ra odídẹrẹ́ kan ní ilé ìtajà ní ìlú Chicago, tí ó sì sọ ọ́ ní Alex. Kí Alex tó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ní ẹni ọdún 31, ó ti lè dárúkọ nǹkan bí àádọ́ta, ó mọ àwọ̀ méje, ó sì lè ka iye nǹkan tó mẹ́fà. Kì í ṣe pé wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ sí i létí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ènìyàn méjì ni yóò jókòó níwájú rẹ̀. Ọ̀kan yóò mú nǹkan dání, yóò sì bi èkejì léèrè orúkọ rẹ̀. Bí èkejì bá gbà á, a ó fún un ní nǹkan náà; bí ó bá ṣì í, a ó gbé nǹkan náà kúrò. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yóò pààrọ̀ ipò. Ẹyẹ ń wò wọ́n, ó ń jowú, òun náà sì ń fẹ́ kí wọ́n fún òun. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ẹyẹ kò bá gba ẹ̀kọ́ tí kò rí ìlò rẹ̀, kí ni a ó retí lọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn?

Ní ọdún 2015, ó wù mí kí n wá ẹnìkejì fún Ọ̀rẹ́. Mo lọ sí ọjà ẹyẹ kan ní ìlú ńlá kan. Odídẹrẹ́ mọ́kànlá ni mo kà nínú àgò kan tí kò gba ẹyẹ mẹ́ta. Wọ́n ti gé ìyẹ́ apá wọn, àtè ṣì lẹ̀ mọ́ àyà àwọn kan. Mo wo ojú wọn. Odídẹrẹ́ tí ó bá ti dàgbà, ojú rẹ̀ a máa ní àwọ̀ ìyeyè. Tí ọmọdé a máa dúdú. Mẹ́fà nínú wọn ni ojú wọn ṣì dúdú. Ọmọ ìtẹ́ ni wọ́n. Inú ihò igi ńlá ni odídẹrẹ́ ń yé ẹyin sí, kò sì ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Yóò sàba lé wọn fún nǹkan bí oṣù kan, àwọn ọmọ yóò sì lò tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fò jáde. Ẹni tí ó kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti gun igi náà tàbí kí ó ti gé e lulẹ̀. Bí igi bá sì ti lulẹ̀, kò sí ihò fún ọdún tí ń bọ̀.

Nígbà tí ọmọkùnrin tí ó ń tà wọ́n rí i pé mo ń ṣiyèméjì, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè rà á. Ní ọdún díẹ̀ sí i, ẹ kò ní rí irú rẹ̀ mọ́." Ìpolówó ọjà ni ó rò pé òun ń ṣe, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó sọ. Mo ronú pé bí mo bá san owó fún ọ̀kan, owó náà ni yóò fi rán ọdẹ padà sí igbó láti mú òmíràn. Mo kí i pé ó kú ọjà, mo sì bá tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí kò ju òótọ́ lọ. Ìwé òwò àgbáyé fi hàn pé láàrin ọdún 1975 sí 2013, odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó Áfíríkà tí wọ́n sì kó ránṣẹ́ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn tí ó kú nínú àtè, nínú àpò àti lójú ọ̀nà kò sí nínú ìwé. Ní Gánà tí kò jìnnà sí wa, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ó kéré tán, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá odídẹrẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè ni ó ti pòórá. Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì gbé odídẹrẹ́ sí Àfikún Kìíní, èyí tí ó fòpin sí kíkó àwọn ti inú igbó lọ tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà, a sì ti ní òfin tiwa láti ọdún 1985 lórí àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń parẹ́. Síbẹ̀, òfin kì í gun igi lọ ṣọ́ ìtẹ́. Bí a bá ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, tí àwa kan náà sì ń dẹ àtè sí oko ìwájẹ rẹ̀, a ti sọ àdúrà àwọn baba wa di irọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ìkóódẹ ńkọ́? Ṣé kí a pa àṣà tì ni? Rárá o. Odídẹrẹ́ a máa pa ìyẹ́ rẹ̀ dà láti ìgbà dé ìgbà. Ìyẹ́ méjìlá ni ó wà ní ìdí rẹ̀, bí wọ́n ti ń rẹ̀ ni òmíràn ń hù. A ń ṣa ti Ọ̀rẹ́ jọ sínú ìwé. Ìyálórìṣà kan àti baba kan tí í sin ìlẹ̀kẹ̀ adé ti gbà lọ́wọ́ wa rí, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan kán sílẹ̀. Odídẹrẹ́ kan tí ó wà láàyè fún ogójì ọdún yóò fún ìlú ní ìkóódẹ ju èyí tí a pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ ní odídẹrẹ́, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnìkan wà tí ó ti darúgbó, tàbí tí ó ń kó kúrò nílùú, tí ó ń wá ẹni tí yóò gba tirẹ̀ tọ́. Bí ó bá jẹ́ pé yóò rà á dandan, èyí tí a bí sínú ilé ni kí ó wá. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ a máa ní òrùka tí kò ní ojú ìsopọ̀ ní ẹsẹ̀, nítorí ìgbà tí ó wà ní ọmọ ìtẹ́ nìkan ni irú òrùka bẹ́ẹ̀ lè wọlé. Kí ó béèrè ìwé rẹ̀, kí ó sì wádìí òfin lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó igbó àti ẹranko kí ó tó sanwó. Kí ó wo ojú rẹ̀ bí ó bá mọ́, kí ó wo ihò imú rẹ̀ bí ó bá gbẹ, kí ó sì rí i pé ó ń dá oúnjẹ jẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó ṣòro jù: ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi? Odídẹrẹ́ tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ogójì sí ọgọ́ta ọdún láyé. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tí ó bá gba ọmọ rẹ̀ lónìí lè kú fi í sílẹ̀.

Ní tèmi, mo ti kọ orúkọ ọmọbìnrin mi sínú ìwé ogún mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò tọ́ Ọ̀rẹ́. Ìlú Ọ̀yọ́ ni a bí i sí, kò gbé Èkìtì rí, kò sì mọ ojú màmá. Bí a bá ń sọ ẹ̀ka-èdè ìyá mi sí i, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dáhùn ní Yorùbá ilé ìwé. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún méjì báyìí, bí ẹnìkan bá kan géètì, kì í dúró de ẹyẹ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni í kọ́kọ́ pè é láti inú yàrá, pẹ̀lú ohùn tí a fà gùn díẹ̀ ní ìparí: "Ìsí?"